Ẹ Má Na Ọmọ Nítorí Ìsọdipúpọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sọ ní Lẹ́kkí Phase 1

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ times table ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ló kan ìdájọ́ òdodo nínú méjì lọ́nà méjì. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ná.

Nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní ṣàì rí ọmọ kan báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni. Ó mọ àkọ́sórí rẹ̀ dáadáa, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé, bí ó bá sì wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan, yóò sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó. Lánàá ó mọ̀ ọ́n, lónìí ó ti ṣàn lọ bí omi orí ewé kókò. Bàbá ní eré ló ń ṣe. Ìyá ní ẹnì kan ní ìdílé bàbá rẹ̀ ló jọ. Olùkọ́ pè é ní olódo, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba orúkọ náà lẹ́nu olùkọ́, wọ́n fi ń ṣe orin. Lẹ́yìn náà ni pàṣán bọ́ sí i. Nígbà tí pàṣán kò ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà.

Ará, bí a bá ti na ọmọ lórí ohun kan ṣoṣo fún ọdún méjì tí kò sì yí padà, ó yẹ kó ti yé wa pé ẹgba kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti fún ìṣòro yìí lórúkọ, dyscalculia ni wọ́n ń pè é. Ladislav Košč, ará Czechoslovakia, kọ̀wé lé e lórí ní ọdún 1974, àwọn mìíràn sì ti ń ṣèwádìí rẹ̀ láti ìgbà náà wá. Iye tí wọ́n sábà máa ń fúnni ni pé nínú 100 ọmọ, ó tó mẹ́ta sí méje tó ní in. Ẹ wo kíláàsì ọmọ 30 kan, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan tàbí méjì wà níbẹ̀. Kì í ṣe àìgbọ́n. Bí ẹ bá da ọsàn mẹ́ta sílẹ̀, ojú yín á ti mọ̀ pé mẹ́ta ni kí ẹ tó kà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń wí yìí ní láti kà á ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Iye kò tètè ní ìtumọ̀ lójú wọn. Bí iye kò bá sì ní ìtumọ̀, times table di èdè àjèjì tí ọmọ ń há sórí láìmọ ohun tó ń wí, ohun tí a bá sì há sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó fò lọ.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ìṣirò ń dà láàmú ló ní in o. Òmíràn wà tí ojú rẹ̀ kò ríran dé ara pátákó. Òmíràn wà tí etí ń dùn, tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín sixteen àti sixty. Òmíràn ti pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún méjì, nítorí owó ilé tàbí nítorí iṣẹ́ bàbá, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà wo ojú àti etí ọmọ ná. Ó yá ju kí a máa wá ọ̀tá tó di ọmọ nínú ìdílé lọ.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ ọ̀tá yìí. Àwa ènìyàn Ẹ̀mí, a gbàgbọ́ nínú àdúrà, n kò sì wá síbí láti ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ ka Ẹ́kísódù orí 4 dáadáa. Mósè sọ fún Ọlọ́run pé òun kò lè sọ̀rọ̀ já gaara. A kò kà á níbẹ̀ pé Ọlọ́run tú ahọ́n rẹ̀. Ohun tí a kà ni pé ó fún un ní Áárónì láti bá a sọ̀rọ̀, ó sì ní kó mú ọ̀pá rẹ̀ dání. Olùrànlọ́wọ́ kan àti irinṣẹ́ kan! Ó yà mí lẹ́nu pé a máa ń wàásù lórí ọ̀pá náà lọ́dọọdún, tí a kì í sì í wàásù lórí ahọ́n tó ṣì wúwo síbẹ̀ tí iṣẹ́ sì lọ. Bí ẹ bá ń gbàdúrà fún ọmọ yín, ẹ bèèrè Áárónì pẹ̀lú.

Ẹni tó bá sì pe ọmọ ní àjẹ́ nítorí pé kò mọ ìṣirò, kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìjọ nìkan. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ṣe ní 2008 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ìyà tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ fi jẹ àwọn ọmọdé lọ́hùn-ún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí irinṣẹ́ náà.

Ohun tó mú kí kọ̀ǹpútà àti fóònù wúlò fún irú ọmọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: sùúrù. Ẹ̀rọ kì í pòṣé. Kì í wo ọmọ lójú bí ẹni pé “ìwọ náà kọ́ ni mo ń sọ ọ́ fún láti àárọ̀.” Bí ọmọ bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò tún bi í lẹ́ẹ̀kọkànlá pẹ̀lú ohùn kan náà. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wa lẹ́yìn tó ti lo wákàtí méjì nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ láti Ajah? Ọmọ tí ìtìjú ti jẹ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ á rí ibì kan tó ti lè ṣàṣìṣe láìsí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín.

Anna Wilson àti Stanislas Dehaene ṣe eré kọ̀ǹpútà kan ní ilẹ̀ Faransé fún àwọn ọmọ tó ní dyscalculia, The Number Race ni wọ́n pè é, ọ̀fẹ́ sì ni. Wọ́n kọ́ ọ kó lè máa wo bí ọmọ ṣe ń ṣe: bí ọmọ bá ń kùnà jù, eré á rọ̀, bí ó bá ń gbà á jù, eré á le díẹ̀ sí i, kí ọmọ lè máa gba nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dán an wò, ààbọ̀ wákàtí lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwọn ọmọ náà tètè ń dá iye kéékèèké mọ̀, ìyọkúrò wọn sì gbéra, ṣùgbọ́n ìròpọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà tà yín ní ẹ̀rọ bí ẹni ń ta òróró ìyanu. Ó ń ṣèrànwọ́ níbì kan, níbòmíràn kò ṣe é.

Ẹ tún gbọ́ ti Sooinn Lee àti ọkọ rẹ̀ Gunho Lee. Ọmọ tiwọn gan-an ló nílò ìtọ́jú àkànṣe, ìyẹn ló sì mú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò ìkọ́ni orí tábúlẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà ní 2012. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ ilé iṣẹ́ wọn, Kitkit School, wà lára méjì tó jọ pín ẹ̀bùn mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là ní ìdíje Global Learning XPRIZE ní 2019. Ní agbègbè Tanga ní Tanzania ni wọ́n ti dán an wò, lọ́wọ́ àwọn ọmọ abúlé tó lé ní 2,000, ní èdè Swahili, èdè tí àwọn ọmọ náà gbọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ rò ó wò: ohun tí tọkọtaya kan bẹ̀rẹ̀ nítorí ọmọ inú ilé wọn ló di ohun tí ọmọ abúlé Áfíríkà fi kàwé.

Nílé wa níbí, èyí tó rọrùn jù láti rí ni GCompris. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù Android, tí ẹ bá sì ti gbà á sílẹ̀ tán, kò tún nílò dátà. Nínú rẹ̀, ẹ wá eré káàdì ìsọdipúpọ̀, èyí tí ọmọ ń ṣí káàdì méjì méjì láti wá ìbéèrè àti ìdáhùn tó bá ara wọn mu. Kò sí aago tó ń lé e níbẹ̀. Mo tẹnu mọ́ aago yìí nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. TuxMath náà ọ̀fẹ́ ni, ó sì dùn: òkúta ń já bọ́ láti ojú ọ̀run pẹ̀lú ìṣirò lára, ọmọ á sì tẹ ìdáhùn láti fọ́ ọ kó tó balẹ̀. Ọmọ tí orí rẹ̀ yá á máa pariwo ayọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀rù á bà á, gbogbo ohun tó mọ̀ á sì fò lọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń fò lọ nígbà tí olùkọ́ dúró tì í pẹ̀lú pàṣán. Òkúta tó ń já bọ́ àti pàṣán, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lára rẹ̀. Ẹ fi TuxMath sílẹ̀ di ìgbà tí ó bá ti mọ ohun tó ń ṣe.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ kankan, ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé páálí ẹyin kan wá láti ilé ìdáná. Ìlà márùn-ún ni, ẹyin mẹ́fà mẹ́fà, ọgbọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wá yí páálí náà sí ẹ̀gbẹ́: ó di ìlà mẹ́fà, ẹyin márùn-ún márùn-ún. Ẹyin kankan kò kún un, ẹyin kankan kò dín. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èyí ti mọ̀ pé bí òun bá mọ márùn-ún lọ́nà mẹ́fà, òun ti mọ mẹ́fà lọ́nà márùn-ún nìyẹn. Bí ẹ bá ní ọpọ́n ayò nílé, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀. Ihò mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀gbẹ́ kejì náà bẹ́ẹ̀, méjìdínláàádọ́ta ni àpapọ̀. Àwọn bàbá wa ti ń fi ìsọdipúpọ̀ ṣeré lábẹ́ igi kó tó di pé ẹnikẹ́ni mú kọ̀ǹpútà dé.

Ẹ wá wo ẹrù náà bó ṣe fúyẹ́ tó. Láti ọ̀kan dé mẹ́wàá, ìbéèrè 100 ló wà nínú times table. Nígbà tí ọmọ ti mọ àṣírí páálí ẹyin, ó ti di 55. Ẹ yọ ti ọ̀kan àti ti mẹ́wàá kúrò, àwọn tí kò ṣòro, ó ku 36. Ẹ yọ ti méjì àti ti márùn-ún, tí a lè fi ìlọ́po méjì àti ìka ọwọ́ ṣe, ó ku 21. Mọ́kànlélógún péré! Ẹ kọ wọ́n sórí bébà kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Méjì ni kí ẹ mú lọ́sẹ̀, kì í ṣe mẹ́wàá. Kí ọmọ fi ẹyin tàbí ọmọ ayò tò wọ́n, kó yà wọ́n, lẹ́yìn náà ni kó wá lọ ṣe ìdánrawò wọn lórí ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn oúnjẹ, kí oorun tó dé. Bí ó bá ní òun fẹ́ ṣe sí i, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kó máa wù ú.

Ẹ má sì gbé fóònù fún ọmọ kí ẹ wá lọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ mọ bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ jẹ. Wọ́n á tẹ nọ́ńbà títí ọ̀kan á fi bọ́ sí i. Ẹ jókòó tì í. Nígbà tó bá gba ọ̀kan, ẹ bi í pé, “Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?” Kódà nígbà tó bá kùnà, ẹ bi í bákan náà, láìyí ohùn padà. Ìdáhùn rẹ̀ á fi ibi tí ìdí okùn wà hàn yín, èyí tí ẹ̀rọ kò lè rí.

Ẹ bi í ní Yorùbá. Ohùn tó ń jáde nínú ọ̀pọ̀ ètò wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ìsọdipúpọ̀ wà nínú èdè wa látilẹ̀. Ogójì, ogún méjì ni. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún, ogún márùn-ún. Ẹ fi owó ogún náírà márùn-ún tò ó sílẹ̀ kí ọmọ rí i. N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo òǹkà wa ló rọrùn. Ẹ̀rìndínlógún ń béèrè ìyọkúrò kí ọmọ tó dé ibi tó ń lọ, nítorí náà ẹ má fi dandan lé e fún ọmọ tó ti ń jìjàkadì. Ṣùgbọ́n àlàyé ní èdè abínibí kì í ṣe àbùkù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 1970 ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, wọ́n tún ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Àwa Lẹ́kkí, tí a ń fi Yorùbá tàbùkù ọmọ, ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Mo ní kí ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó dé ibi ìdájọ́ òdodo. Mo ti dé ibẹ̀.

Ní Phase 1 yìí, bí ọmọ olówó bá ní ìṣòro yìí, wọ́n á wá tíṣà àkànṣe fún un, yóò máa wá sílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọmọ máígádì tó ń sùn sí BQ ní ẹ̀yìn ilé kan náà lè ní ìṣòro kan náà, òun ni wọ́n á pè ní olódo títí tí yóò fi kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ògiri kan ló wà láàárín wọn. Ilẹ̀ tí a sì wà yìí ní ìtàn. Ní oṣù Keje 1990, nígbà gómìnà ológun Raji Rasaki, wọ́n wó Maroko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín; àwọn tó pàdánù ibùgbé tó nǹkan bíi 300,000. Àwọn kan nínú wọn ló dé Ilasan àti Ikota. Nígbà tí a bá wó ilé ènìyàn, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ náà bá a lọ.

Ẹ tún jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọgbẹ́ kan. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá tó ń fọ àwo níbi ìdáná nígbà tí ọmọ yín ń ṣe GCompris ní pálọ̀, ọmọ ni òun náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, kò fàyè gba kí a gba ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 sì ní kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, dandan ni. Kì í ṣe pé kí ẹ gbé e jókòó síbi tábúlẹ́ẹ̀tì ni a fi ń san gbèsè yẹn o. Ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kó wà láàárọ̀. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ rí àwọn àgbà ìdàpọ̀ lẹ́yìn ìpàdé, a ó jọ wá bí a ó ṣe ṣe é láìfi ọmọ náà sójú títì.

Ẹ má sì dúró de ìjọba nìkan. Ọpọ́n Ìmọ̀ tí Ọ̀ṣun gbé kalẹ̀ ní 2013, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ló wà fún. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ètò EkoEXCEL gbé wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Èkó láti 2020, ọwọ́ olùkọ́ ló wà. Ọmọ kéékèèké tí méje lọ́nà mẹ́jọ ń dà láàmú kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Àwa ńkọ́? Fóònù àtijọ́ tí gíláàsì rẹ̀ ti sán díẹ̀, tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín láti ọdún tó kọjá, ó tó ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ mú un wá pẹ̀lú ṣájà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa á gba GCompris sí i, wọ́n á sì yọ gbogbo eré mìíràn kúrò. Yàrá àwọn ọmọdé á ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tó bá wá, ti pálọ̀ àti ti BQ, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àgbàlagbà kan sí ọmọ méjì, a kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A nílò àwọn tó lè jókòó láìpòṣé, pàápàá àwọn ìyá àgbà tó mọ òǹkà Yorùbá dáadáa. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, ọpọ́n ayò méjì ti wà nílẹ̀. Ẹ ṣáà rántí yọ SIM yín àti àwòrán ìdílé yín kúrò nínú fóònù náà kí ẹ tó fà á lé wa lọ́wọ́.